Bí Iná Kò Bá Tán Láṣọ: Ìtàn Òjé àti Oògùn Rẹ̀ láti Dùgbẹ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Iná tí òwe yìí ń sọ yàtọ̀ sí èyí tí a fi ń dáná. Kòkòrò kékeré ni, tó ń fara pamọ́ sínú aṣọ, tó ń mu ẹ̀jẹ̀ ẹni. Ẹni tó bá jókòó tó ń fi èékánná pa á lọ́kọ̀ọ̀kan, tí kò se aṣọ náà nínú omi gbígbóná, yóò pa á títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, ilẹ̀ ọ̀la yóò sì tún bá a lẹ́nu rẹ̀. Òwe yìí ni mo fẹ́ mú lọ́wọ́ bí mo ṣe ń sọ ìtàn òjé.

Òjé ni irin rírọ̀, aláwọ̀ eérú, tó wúwo, tí iná kékeré lè yọ́. Májèlé sì ni. Kò sí ìwọ̀n rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọdé tí a lè fọwọ́ sọ̀yà pé kò léwu. Ìtàn rẹ̀ ní apá méjì. Apá kìíní ni bí ó ṣe dé ọ̀dọ̀ wa, pàápàá jù lọ Dùgbẹ̀, àárín gbùngbùn òwò Ìbàdàn, tí mo ń gbà kọjá lójoojúmọ́. Apá kejì ni bí àwọn ènìyàn ṣe ń wá oògùn sí i, títí dé orí ìwádìí tuntun tó ń fi èérún tín-ín-tín, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní nanoparticle, gbé agbára ewé àti èso lọ sí ibi tí májèlé ti ba àwọn ọmọ ogun ara jẹ́. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ nínú apá méjèèjì kò ju ọ̀kan lọ: oògùn òjé kì í jẹ́ níbi tí wọn kò bá tíì dí ọ̀nà tí òjé ń gbà wọlé.

Òjé kì í ṣe àjèjì láàárín Yorùbá. Àwọn olórìṣà Ọbàtálá a máa fi ẹ̀gbà òjé sọ́wọ́, wọ́n kà á mọ́ ohun funfun tí òrìṣà náà fẹ́. Èyí tó sún mọ́ gbogbo ilé jù lọ ni tìróò. Òkúta dúdú dídán ni wọ́n ń lọ̀ kúnná tí wọ́n fi ń ṣe é, ọ̀pọ̀ ìgbà ni òkúta náà sì jẹ́ galena, òkúta tí àwọn awakùsà ń yọ òjé lára rẹ̀. Ìyá ìyá mi a máa lé tìróò fún àwa ọmọ, ó ní ó ń mú ojú tutù, ó sì ń jẹ́ kí ẹyinjú ọmọ dán. Kò sí ìyá kan ní àdúgbò wa nígbà náà tí yóò rò pé ohun tí ìyá òun fi ṣe òun lẹ́wà lè pa ọmọ òun lára.

Ní 2011, ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọkùnrin olóṣù mẹ́fà kan wò, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Wọ́n bá òjé nínú rẹ̀, máíkírógíráàmù 13 nínú dẹsílítà ẹ̀jẹ̀ kan. Lónìí, ìwọ̀n tí àjọ CDC ti Amẹ́ríkà fi ń mọ ọmọ tó yẹ kí wọ́n mójú tó ni 3.5. Nígbà tí wọ́n tọpa rẹ̀, wọ́n rí i pé tìróò tí wọ́n mú wá láti ilé ni. Wọ́n yẹ tìróò náà wò, wọ́n sì rí i pé ìdá 82.6 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ló jẹ́ òjé. CDC tẹ ìròyìn náà jáde ní 2012, tìróò sì wà nínú àkọlé rẹ̀ ní orúkọ tí àwa fi ń pè é. Ọmọdé a fi ọwọ́ nu ojú, a sì fi ọwọ́ kan náà sẹ́nu. Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run.

Èyí ni òjé tí a jogún. Èyí tó ti òkè òkun wá pọ̀ jù ú lọ, ọ̀nà Dùgbẹ̀ ló sì gbà wọlé. Ojú irin láti Èkó dé Ìbàdàn ní 1901. Ibi tí rélùwéè wà ni àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó àti báńkì lọ kó sí, nítorí ibẹ̀ ni kòkó ti ń lọ, ibẹ̀ náà sì ni ọjà òkèèrè ti ń bọ̀. Kòkó yìí ló sọ Dùgbẹ̀ di ńlá. Ní 1965, owó kòkó kọ́ Cocoa House, ilé alájà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tó ga tó mítà 105, tí a ń rí lọ́ọ̀ọ́kán láti orí òkè káàkiri Ìbàdàn. Àwọn ọ̀nà ọkọ̀ pàdé lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí owó epo rọ̀jò ní àwọn ọdún 1970, ọkọ̀ pọ̀ sí i, gósìló sì di ara ìgbésí ayé Dùgbẹ̀. Nínú gósìló yẹn ni àwọn obìnrin ti ń ta ẹ̀pà àti ọ̀gẹ̀dẹ̀, tí àwọn ọmọ ilé ìwé ti ń dúró de ọkọ̀, tí gbogbo wọn ń fa èéfín símú.

Kí ló wà nínú èéfín náà? Ní oṣù Kejìlá 1921, Thomas Midgley, tó ń ṣiṣẹ́ fún General Motors ní Amẹ́ríkà, rí i pé bí a bá da èròjà olójé kan tí wọ́n ń pè ní tetraethyl lead sínú epo bẹntiróò, ẹ́ńjìnnì kò ní máa kan gbàgà-gbàgà mọ́. Ní 1923, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà á. Ní oṣù Kẹwàá 1924, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń po èròjà náà ní ilé iṣẹ́ ìfọpo kan ní New Jersey bẹ̀rẹ̀ sí í sínwín, márùn-ún nínú wọn sì kú. Ìròyìn náà jáde nínú ìwé ìròyìn New York. Síbẹ̀, wọn kò dáwọ́ títa dúró pẹ́ títí. Epo olójé tàn ká gbogbo ayé, ó sì dé ọ̀dọ̀ wa gẹ́gẹ́ bí ohun ọ̀làjú.

Orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà fi òfin yọ ọ́ kúrò nínú epo ọkọ̀ ojú títì pátápátá ní 1996. Ní oṣù Kẹfà 2001, àwọn aṣojú ìjọba ilẹ̀ Áfíríkà ní gúúsù Sàhárà pàdé ní Dákà, wọ́n pinnu pé àwọn náà yóò yọ ọ́. Nígbà tí ọdún 2006 yóò fi wọlé, ìpinnu náà ti ṣẹ. Àgéríà ló tà á kẹ́yìn ní gbogbo ayé, ní oṣù Keje 2021. Ẹ ṣírò rẹ̀: láti 1921 sí 2021, ọgọ́rùn-ún ọdún gbáko. Ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ ti fi ẹ̀mí wọn jẹ́rìí sí ní ọdún kẹta rẹ̀ gba aráyé ní ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún kó tó kúrò nílẹ̀.

Ẹlẹ́rìí kan wà tí mo fẹ́ pè, kòkó fúnra rẹ̀ ni. Ní 2005, àwọn onímọ̀ kan tẹ ìwádìí jáde nípa òjé inú kòkó Nàìjíríà. Ọ̀kan lára wọn ni Jerome Nriagu, akẹ́kọ̀ọ́jáde Yunifásítì Ìbàdàn tó di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká nínú ìmọ̀ ìtàn òjé. Wọ́n rí i pé ọmọ kòkó tí a ká ní oko wa mọ́ gan-an: ìpíndọ́gba òjé inú rẹ̀ kò ju 0.5 nánógíráàmù nínú gíráàmù kan lọ. Ṣùgbọ́n inú kòkó àti ṣokoléètì tí wọ́n ti lọ̀ tán, tí wọ́n ti dì sínú páálí, iye náà lè tó 230 nínú ìyẹ̀fun kòkó, kó sì tó 70 nínú ṣokoléètì. Láàárín oko àti páálí ni òjé ti wọlé: lójú ọ̀nà, nínú ọkọ̀, níbi tí wọ́n ti ń lọ̀ ọ́. Oko kò jẹ̀bi. Ìrìn àjò ló kó èérí bá a. Bí ọ̀rọ̀ àwọn tó ń ṣòwò lábẹ́ Cocoa House ṣe rí náà nìyẹn. Wọ́n dá wọn ní mímọ́, ọ̀nà tí wọ́n ń rìn ló gbé òjé wọ ara wọn.

Òjé kì í jẹrà. Èyí tó ti inú èéfín bọ́ sílẹ̀ ní 1978 ṣì wà nínú erùpẹ̀ ẹ̀bá títì. Yàtọ̀ sí èyí, ilẹ̀kùn mìíràn ti ṣí kí ti epo tó pa dé, ìyẹn bátìrì. Ohun tó pọ̀ jù lọ nínú ìwúwo bátìrì ọkọ̀ kan, òjé ni. Ní Olódó, ní ẹ̀yìn Ìbàdàn, wọ́n da pàǹtí ilé iṣẹ́ bátìrì sílẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Gilbert Adie àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Òṣíbánjọ ti Yunifásítì Ìbàdàn yẹ erùpẹ̀ irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ wò, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2009 pé òjé ti kún ibẹ̀ kọjá ààlà. Ní 2025, Ògijò ní Ìpínlẹ̀ Ògùn ló gba ẹnu ayé, níbi tí wọ́n ti ń yọ́ bátìrì àlòkù. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ àti ará àdúgbò wò, wọ́n bá òjé níbẹ̀, ìjọba sì ti àwọn ilé iṣẹ́ kan pa. Ọjà bátìrì kò sì dínkù. Láti ìgbà tí owó ìrànwọ́ orí epo ti kúrò ní 2023, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ló ti lọ ra sólà àti bátìrì tó ń gbé e.

Ẹ̀gbọ́n mi kan ń tún bátìrì ọkọ̀ ṣe ní ẹ̀bá títì, kò jìnnà sí Dùgbẹ̀. Ó ti lé ní ogún ọdún tó ti ń fi ọwọ́ lásán tú wọn, tó ń yọ́ òjé inú wọn nínú agolo. Bí wọ́n bá parí iṣẹ́ ọjọ́ kan, òun àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ a mu mílíìkì, wọ́n ní ó ń fọ májèlé kúrò nínú. Ní ọjọ́ kan, ó ní òun gbọ́ lórí rédíò pé àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ti ń fi ewé ṣe oògùn kékeré kan tó ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ lọ bá májèlé jà. Ó bi mí pé, “Àbúrò, ìwọ tó ń kàwé, ṣé òótọ́ ni? Ṣé mo lè máa bá iṣẹ́ mi lọ kí n sì máa lo oògùn yẹn?” Mo ní, “Bọ̀dá, ẹ fún mi láyè kí n wádìí rẹ̀ dáadáa.” Ohun tí mo rí ni ìyókù àròkọ yìí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí òjé ń ṣe nínú ara. Òjé jọ kálísíọ́mù tó ń mú egungun le, ara a sì máa ṣì í gbà wọlé. Nínú ẹ̀jẹ̀, a máa lo nǹkan bí oṣù kan. Nínú egungun, ó lè lo ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó máa jáde díẹ̀díẹ̀ padà sínú ẹ̀jẹ̀. Bí obìnrin bá lóyún, tí ara rẹ̀ ń fa kálísíọ́mù egungun fún ọmọ, òjé tó ti jókòó síbẹ̀ láti ìgbà ọmọdé rẹ̀ náà lè tẹ̀ lé e. Gbogbo wa ló mọ̀ pé òjé ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Èyí tí a kì í sábà gbọ́ ni ohun tó ń ṣe fún àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀, àwọn ọmọ ogun ara.

Àwọn ọmọ ogun yìí pé oríṣiríṣi. Àwọn kan ń gbé kòkòrò àrùn mì. Àwọn mìíràn ni ọ̀gá tó ń pàṣẹ, àwọn onímọ̀ ń pè wọ́n ní sẹ́ẹ̀lì T. Lára àwọn ọ̀gá yìí, ìsọ̀rí kan ń darí ogun sí àrùn tó sá pamọ́ sínú sẹ́ẹ̀lì, bíi ikọ́ ẹ̀gbẹ. Ìsọ̀rí kejì ń darí irú ìjà tó máa ń fa ikọ́ fée àti ara yíyún. Òjé a máa rẹ ìsọ̀rí kìíní sílẹ̀, a sì máa gbé ti ìkejì sókè. Ìlú kò wá ṣaláìní ọmọ ogun, àmọ́ ẹnubodè tí kò sí ọ̀tá ni wọ́n kó lọ. Lẹ́yìn èyí, òjé a máa lẹ̀ mọ́ glutathione, ohun tí ara fi ń dáàbò bo ara rẹ̀ kí inú sẹ́ẹ̀lì má baà máa dógùn-ún bí irin inú òjò. Bí glutathione bá ti tán, ohun gbogbo inú sẹ́ẹ̀lì a bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Cadmium, irin májèlé mìíràn tó wà nínú èéfín sìgá àti irú àwọn bátìrì kan, ń ṣe irú iṣẹ́ ibi kan náà.

Oògùn wo ni aráyé ti wá sí i? Ìtàn oògùn òyìnbó bẹ̀rẹ̀ láti inú ogun. Ní àkókò Ogun Àgbáyé Kejì, Rudolph Peters àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Oxford ń wá ohun tí yóò gba ọmọ ogun lọ́wọ́ afẹ́fẹ́ olóró kan tí wọ́n fi arsenic ṣe. Wọ́n rí oògùn BAL, tó ń di irin májèlé mú, tó sì ń bá a jáde nínú ìtọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni EDTA dé, lẹ́yìn náà ni DMSA, tí ọmọdé lè gbé mì, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 1991.

Nàìjíríà rí ìwúlò DMSA lójú ikú. Ní 2010, ní àwọn abúlé kan ní Zamfara, bíi Dareta àti Yargalma, àwọn ọmọdé tó lé ní 400 kú láàárín oṣù díẹ̀. Àwọn òbí wọn ń fọ́ òkúta wúrà nínú ọgbà ilé, òjé sì pọ̀ nínú òkúta náà. Àjọ Médecins Sans Frontières wá tọ́jú àwọn ọmọ, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọ́n ṣe. Ní abúlé Bagega, wọn kò bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọ ní oògùn àfi ìgbà tí wọ́n kó erùpẹ̀ olójé kúrò nínú àwọn ilé ní 2013. Àwọn òbí ń kánjú, àwọn dókítà náà ń kánjú. Síbẹ̀, wọ́n mọ̀ pé bí ọmọ bá gba oògùn lónìí tó sì padà sínú erùpẹ̀ kan náà lọ́la, òjé mìíràn ni yóò tún wọlé. Bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná.

Ìṣòro kejì wà, òun ló sì ṣí ilẹ̀kùn fún ewé. Ní 2001, ìwádìí ńlá kan jáde ní Amẹ́ríkà. Wọ́n pín ọmọdé 780, tí òjé inú ẹ̀jẹ̀ wọn wà láàárín 20 sí 44, sí ọ̀nà méjì. Apá kan gba DMSA, apá kejì gba oògùn lásán tí kò ní agbára. Òjé inú ẹ̀jẹ̀ àwọn tó gba DMSA wálẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dán ọpọlọ wọn wò lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, wọn kò sàn ju àwọn kejì lọ. Lílé olè jáde kò tún ilẹ̀kùn tó fọ́ ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ tún ohun tí òjé bàjẹ́ ṣe gbọ́dọ̀ wá nǹkan mìíràn mọ́ DMSA.

Níbí ni orógbó, àlùbọ́sà àti ata ilẹ̀ pupa ti wọ inú ìtàn. Láti àwọn ọdún 1980 ni Maurice Iwu ti yọ àkójọ èròjà kan tí wọ́n ń pè ní kolaviron láti inú orógbó. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ebenezer Fárọ́ńbí àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí rẹ̀, wọ́n ń fi eku wo bí ó ṣe ń dáàbò bo ẹ̀dọ̀ àti àwọn ẹ̀yà ara mìíràn lọ́wọ́ oríṣiríṣi májèlé. Láti Yunifásítì wá sí Dùgbẹ̀ kò ju ìrìn àjò Micra kan lọ, orógbó náà sì wà lórí àtẹ níbẹ̀. Quercetin wà nínú àlùbọ́sà. Curcumin ni ohun tó mú ata ilẹ̀ pupa pọ́n bẹ́ẹ̀, àwọn onímọ̀ sì ti yọ ọ́ láti 1815. Nínú àwọn eku tí wọ́n fún ní òjé tàbí cadmium, irú àwọn èròjà báyìí a máa dín ìbàjẹ́ inú sẹ́ẹ̀lì kù, wọ́n a sì ran glutathione lọ́wọ́.

Kí wá ló dé tí dókítà kò fi kọ ata ilẹ̀ pupa fún ẹni tí òjé pọ̀ lára rẹ̀? Nítorí pé kò dé ibi tó ń lọ. Curcumin kì í yòrò nínú omi. Èyí tó bá gba inú ìfun kọjá, ẹ̀dọ̀ a tètè lé e jáde. Ní 1998, àwọn onímọ̀ kan fún àwọn ènìyàn ní gíráàmù 2 rẹ̀, ekukáká ni wọ́n fi rí i nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Nígbà tí wọ́n fi mílígíráàmù 20 piperine sí i, èròjà inú ata dúdú tó tún wà nínú iyèré wa, iye tó wọ inú ẹ̀jẹ̀ di nǹkan bí ìlọ́po 20.

Ìbéèrè yìí, bí oògùn yóò ṣe dé ibi àìsàn, kì í ṣe tuntun lọ́dọ̀ àwọn baba wa. Ìdí rẹ̀ nìyí tí a kì í fi omi rẹ gbogbo egbòogi. Ọtí ni a fi ń rẹ òmíràn, omidùn ni a fi ń rẹ òmíràn, nítorí ohun tí omi kò bá lè fà jáde lára egbò, ọtí lè fà á. Ìdí rẹ̀ nìyí tí a fi ń gún àgúnmu títí yóò fi kúnná, tí a sì fi ń fi ẹ̀kọ gbígbóná mu ún. Ìdí rẹ̀ náà nìyí tí a fi ń sín gbẹ́rẹ́, tí a ń fi ẹ̀tù ra á, kí oògùn má ṣe gba inú ikùn kọjá rárá. Àwọn onísègùn wa kò ní ẹ̀rọ tí yóò wọn ẹ̀jẹ̀, àmọ́ wọ́n mọ̀ pé agbára ewé jẹ́ ọ̀kan, ọ̀nà tí ewé ń gbà wọlé jẹ́ èkejì.

Àgúnmu tí wọ́n gún dé òpin ni mo fi ń wo nanoparticle. Nano kan jẹ́ ìdá kan nínú bílíọ̀nù kan mítà. Irun orí kan fẹ̀ tó nǹkan bí nano 80,000. Àwọn onímọ̀ a máa fi ọ̀rá bíi ti inú ẹyin, tàbí chitosan tí wọ́n ń yọ lára èèpo alákàn àti edé, ṣe àpò tó fẹ̀ tó nano ọgọ́rùn-ún tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n a wá fi curcumin tàbí quercetin sínú rẹ̀. Àpò náà a gbà á lọ́wọ́ omi inú ikùn, a sì jẹ́ kó pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀. Ohun tó wù mí jù ni èyí: àwọn ọmọ ogun ara tó ń gbé kòkòrò mì, àwọn náà ló máa ń gbé irú àpò yìí mì. Nítorí náà, oògùn lè wọ inú sẹ́ẹ̀lì tí òjé ti bàjẹ́ gan-an. Irú ọgbọ́n yìí kì í ṣe àlá. Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí oògùn jẹjẹrẹ kan tí wọ́n fi sínú àpò ọ̀rá láti 1995. Àwọn abẹ́rẹ́ àjẹsára kòrónà tó kọ́kọ́ gba àṣẹ ní ìparí 2020, inú àpò ọ̀rá oní-nano ni wọ́n wà. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti gba irú rẹ̀ sápá.

Àwọn ènìyàn wa náà kò gbẹ́yìn. Ní LAUTECH, Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀jọ̀gbọ́n Àgbájé Lateef àti ẹgbẹ́ olùwádìí NANO+, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2014, ti fi èèpo kòkó àti obì ṣe èérún nano fàdákà tó ń pa kòkòrò àrùn. Èèpo kòkó tí àgbẹ̀ ń dà nù sí ẹ̀gbẹ́ oko wá di irinṣẹ́ ìmọ̀. Àmọ́ fàdákà náà irin ni, ó yàtọ̀ sí àpò ọ̀rá. Ohun tí a bá fẹ́ fi tọ́jú ẹni tí irin ti ṣe lọ́ṣẹ́, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ ẹ́ wò dáadáa kó má baà di pé a fi iná pa iná.

Ibo ni ìwádìí dé dúró lórí òjé gan-an? Inú àwo àyẹ̀wò àti ara eku ló ṣì pọ̀ sí. Kò tíì sí oògùn nano onígbòogi kan fún òjé tí ilé ìwòsàn ń kọ fún aláìsàn. Bí mo ṣe ń kà nípa àwọn eku náà, mo ṣàkíyèsí ohun kan. Nínú ọ̀pọ̀ ìwádìí, wọ́n a fún eku ní òjé àti oògùn ewé pa pọ̀ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ènìyàn ẹ̀bá títì kò rí bẹ́ẹ̀. Ogún ọdún ni òjé ti ń wọ̀ ọ́ lára, ó ti sọ egungun di àká. Eku inú àgò kì í sì í padà sí ibi iṣẹ́ ní ọjọ́ Ajé. Èsì tí mo fún ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn: òótọ́ ni pé wọ́n ń ṣe oògùn náà, ó sì lè jẹ́ lọ́jọ́ kan. Kò sí èyí tí yóò jẹ́ níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá ń fi ọwọ́ lásán yọ́ òjé, tí wọ́n sì ń wọ aṣọ iṣẹ́ lọ bá àwọn ọmọ nílé. Mílíìkì kì í fọ òjé kúrò lára.

Ìtàn kan láti Bangladesh tún fi ẹsẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí múlẹ̀. Níbẹ̀, àwọn oníṣòwò kan ń po ìyẹ̀fun òjé aláwọ̀ ìyeyè mọ́ ata ilẹ̀ pupa kó lè pọ́n dáadáa. Curcumin tó yẹ kó ṣe oògùn òjé wá ń gbé òjé wọ ikùn. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Ní 2019, wọ́n bá òjé nínú ìdá 47 nínú ọgọ́rùn-ún ata ilẹ̀ pupa tí wọ́n yẹ̀ wò ní ọjà. Ìjọba kéde ewu rẹ̀, wọ́n mú àwọn tó ń tà á, wọ́n sì ń yẹ ọjà wò. Nígbà tó di 2021, wọn kò rí ẹyọ kan mọ́. Ọdún méjì péré ni. Kò sí oògùn kankan nínú ìtàn òjé tó ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Kí ni a lè ṣe ní Dùgbẹ̀? Kò yẹ kí ìyá kankan lé tìróò tí a kò mọ ohun tí wọ́n fi ṣe é fún ọmọ, ìjọba sì gbọ́dọ̀ máa yẹ èyí tó wà ní ọjà wò. Kí wọ́n ṣètò ibì kan tí àwọn tó ń tún bátìrì ṣe yóò máa kó àlòkù wọn sí, kí wọ́n fún wọn ní ìbọ̀wọ́ àti ibi tí wọn yóò ti wẹ̀ kí wọ́n tó relé. Kí àyẹ̀wò òjé inú ẹ̀jẹ̀ di ohun tí tálákà lè ṣe ní ilé ìwòsàn ìjọba, nítorí ohun tí a kò wọ̀n, a kò lè mọ̀ bóyá ó dínkù. Kí àwọn tó ń ta àgbo sì jẹ́ kí wọ́n yẹ ewé wọn wò, kí a mọ ibi tí wọ́n ti ká a. Bí a bá ṣe gbogbo èyí, tí oògùn nano láti inú orógbó tàbí ata ilẹ̀ pupa wá dé lọ́jọ́ kan, yóò bá ara tí a ti sé ilẹ̀kùn rẹ̀, yóò sì rí iṣẹ́ àtúnṣe gidi ṣe níbẹ̀.

Mo fọwọ́ sí ìwádìí náà tọkàntọkàn. Mo fẹ́ kí owó pọ̀ nínú rẹ̀, kí àwọn ọmọ Ìbàdàn àti Ògbómọ̀ṣọ́ sì wà níwájú. Ṣùgbọ́n ìtàn ọgọ́rùn-ún ọdún ti kọ́ wa ní bí iṣẹ́ yìí ṣe gbọ́dọ̀ tẹ̀ léra. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ lé akátá lọ ná, kí a tó padà wá bá adìyẹ wí.